Bí a ṣe ń fi fóònù tú Gẹ̀ẹ́sì tó le, kí ọ̀rọ̀ tuntun sì dúró lórí ẹni

Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yá owó. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ fẹ́ dúró fún ọkùnrin náà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kó fún wọn kò ju ojú ìwé méjì lọ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti kà á délẹ̀ kó tó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló yé òun, àfi ibì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn onídùúró á jẹ́ "jointly and severally liable". Ó wá bi mí pé, "Àbúrò, ṣé wọ́n á máa pè wá lọ́pọ̀ ìgbà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ní Nàìjíríà níbí, ẹni tó bá sọ pé "I have called you severally" ń sọ pé òun ti pè ẹ́ títí ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà, iye ìgbà kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí "severally" ń sọ ni pé kálukú wọn ló dá gbèsè náà rù. Bí ẹni tó yá owó bá sá lọ, olówó lè di ẹnì kan ṣoṣo mú nínú àwọn mẹ́ta, kó gba gbogbo owó náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí onítọ̀hún wá máa wá àwọn méjì yòókù kiri kó lè gba ìpín tiwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣírò rẹ̀ sọ́kàn pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni tòun.

Irinṣẹ́ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì líle di rírọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ń lò wọ́n, ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti sọ èyí ná: ọ̀rọ̀ gígùn kì í sábà pa wá lára. Ẹni tó bá pàdé "notwithstanding" mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n, á wá a wò. Ọ̀rọ̀ tí a rò pé a ti mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kì í jẹ́ ká wo ibì kankan.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ má kó áàpù mẹ́wàá sórí fóònù. Mẹ́rin tó: dikṣọ́nárì kan, ohun tó ń ka ọ̀rọ̀ láti inú fọ́tò, ohun kan tó ń rọ Gẹ̀ẹ́sì, àti Anki, áàpù káàdì tó ń bi wá ní ọ̀rọ̀ kí a má bàa gbàgbé.

Dikṣọ́nárì ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ sí Google lásán, ìtumọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbé wá lè le ju ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá lọ, torí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Irú èyí tó wúlò fún wa ni wọ́n ń pè ní "learner's dictionary". Ọ̀kan lára àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀ ni A. S. Hornby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ àwọn ará Japan ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Tokyo ni ìwé rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 1942, kí Oxford tó gbé e jáde ní 1948. Nígbà tí Longman gbé tiwọn jáde ní 1978, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,000 péré ni wọ́n fi ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èyí já sí pé ẹni tó bá ti mọ 2,000 yẹn lè ka gbogbo àlàyé inú rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Mẹ́ta ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ tí mo lè dúró fún: Oxford Learner's Dictionaries, Cambridge Dictionary àti Longman. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn lórí Chrome, ẹ gbé e sójú fóònù bí áàpù, kò sí ìdí láti máa ná dátà lórí gbogbo wọn. Tí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ kan nínú Oxford tàbí Cambridge, ẹ máa rí àmì bíi A1, B2 tàbí C1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. A1 ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, C2 ni ti àwọn tó ti gbó nínú èdè náà. Ẹ tún máa rí àwọn ọ̀rọ̀ kékeré bíi "formal" tàbí "law" níwájú ìtumọ̀ kan. Ẹ má fojú fo àwọn yẹn. Bí ìwé tí ẹ ń kà bá jẹ́ ti òfin, ìtumọ̀ tí wọ́n kọ "law" sí níwájú ni kí ẹ lọ bá tààrà, ì báà jẹ́ òun ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ọ̀rọ̀ inú ìwé sórí fóònù

Tó bá jẹ́ PDF ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ ṣí i, ẹ tẹ ìka mọ́ ọ̀rọ̀ títí á fi gbà kí ẹ yàn án, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Tí kò bá gbà, á jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n rọ sínú PDF yẹn. Fún irú ìyẹn, àti fún ìwé ọwọ́, ẹ lo Google Lens: ẹ ya fọ́tò, ẹ yan ọ̀rọ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà. Lórí iPhone tí kò tíì gbó jù, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lè yan ọ̀rọ̀ láti inú fọ́tò.

Kí ẹ tó yà á, ẹ fi bébà pélébé bo orúkọ yín, àdírẹ́sì, nọ́ńbà àkáǹtì, BVN àti NIN mọ́lẹ̀. Ẹ bò ó kí ẹ tó ya fọ́tò o, kì í ṣe pé kí ẹ máa wá ọ̀nà àtigé e kúrò lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà á tán. Ohun tí ẹ ń wá ìtumọ̀ rẹ̀ kò nílò orúkọ yín.

Tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí fóònù, ẹ fi wéra pẹ̀lú ìwé náà, pàápàá níbi tí bébà ti ká àti níbi tí òjìji ọwọ́ yín bọ́ sí. Fóònù máa ń ṣi nọ́ńbà 1 mú fún lẹ́tà "l", ó lè fo ìlà kan, ó sì lè gbé "not" jù sílẹ̀. "Not" kan ṣoṣo tó sọnù ti yí àdéhùn padà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kà á bó ṣe wà

Ẹ ka ojúlówó lẹ́ẹ̀kan láìwo dikṣọ́nárì. Ẹ fi bírò fàlà sábẹ́ ohun tí kò yé yín, kí ẹ sì kọ gbólóhùn kan ní Yorùbá nípa ohun tí ẹ rò pé ìwé náà ń sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Gbólóhùn yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ rí ibi tí ẹ ti ṣì í gbọ́ nígbà tó bá yá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ rọ̀ ọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ohun gidi kan ṣe é. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní apá 33(1), sọ báyìí:

"Every person has a right to life, and no one shall be deprived intentionally of his life, save in execution of the sentence of a court in respect of a criminal offence of which he has been found guilty in Nigeria."

Ojú òpó kan wà tó ń jẹ́ Rewordify. Ẹ lẹ ọ̀rọ̀ yín sínú àpótí tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Á pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó le sí èyí tó rọ̀, á sì fi àwọ̀ sàmì sí ibi tó fọwọ́ kàn. Tí ẹ bá tẹ ibi tó ní àwọ̀, á fi ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ hàn yín. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: kò fi ojúlówó pa mọ́ fún yín. Ó tún dára fún àwọn ọmọ ilé ìwé, torí kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá. Nínú gbólóhùn òkè yìí, ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ tó le á mú "deprived" àti "intentionally", á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ wá wo "save", "execution" àti "sentence". Ọmọ JSS ló mọ̀ wọ́n: gbà là, pípa èèyàn, gbólóhùn. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. "Save" níbí jẹ́ "àyàfi". "Sentence" jẹ́ ìdájọ́. "Execution" jẹ́ mímú ìdájọ́ ṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni ìdájọ́ ọ̀hún. Tí a bá kó o jọ: olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, a kò gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, àyàfi tí a bá ń mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ṣẹ lórí ọ̀ràn tí wọ́n ti dá ẹni náà lẹ́bi rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Irinṣẹ́ kejì ni àwọn ẹ̀rọ tí a lè bá sọ̀rọ̀: ChatGPT, Gemini, Claude àti irú wọn. Agbára wọn ju ti Rewordify lọ, torí wọ́n ń wo gbogbo gbólóhùn pọ̀, wọ́n sì máa ń mọ̀ pé "save" yẹn kò gba ẹnikẹ́ni là. Ewu wọn náà sì pọ̀ jù. Tí ẹ bá kàn ní kí wọ́n rọ ìwé kan fún yín, wọ́n lè gé e kúrú, kí àdéhùn kan sì bá a lọ. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ sí wọn, ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀:

"Rewrite this in simple English, sentence by sentence. Do not shorten it. Keep every number, date, condition, 'not' and 'unless'. Then list every common word that is used here in a special legal meaning, and explain it."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀, torí òun ló máa tú àwọn ọ̀rọ̀ kékeré síta. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan? Kí ló gbọ́dọ̀ ṣe? Ìgbà wo? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá ṣe é? Fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ gan-an tó ti rí i nínú ìwé náà. Tí kò bá lè tọ́ka sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó hùmọ̀ rẹ̀ ni. Àwọn ẹ̀rọ yìí máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò sí.

Ẹ wá gbé èyí tí wọ́n rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, kí ẹ ka iye "not", "only", "unless", "before" àti "at least" tó wà nínú méjèèjì. Kí ẹ tún wo ọjọ́ dáadáa. "Not later than 14 days" túmọ̀ sí pé ọjọ́ 14 ni òpin rẹ̀. "Not less than 14 days" túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yàtọ̀ nínú wọn, ìyẹn sì lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ṣì wà nílé àti ẹni tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mọ̀

Nínú èdè wa, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, àmì ohùn orí wọn ló ń sọ èyí tó jẹ́ ọkọ ìyàwó àti èyí tó jẹ́ ti oko. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. "Save" tó ń gba èèyàn là àti "save" tó jẹ́ àyàfi, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ohun tó yí i ká nìkan ló lè sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú àwọn tó máa ń mú wa.

Nínú ìwé àdéhùn ilé, tí wọ́n bá ní àdéhùn náà "shall determine" lọ́jọ́ báyìí, ó máa parí lọ́jọ́ náà ni. "Quiet enjoyment" kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀. Ó ń sọ pé lánlọ́ọ̀dù kò ní máa já wọlé yọ ayálégbé lẹ́nu. Tí wọ́n bá ní kí ẹ "execute" ìwé, ẹ fọwọ́ sí i. "Consideration" ni ohun tí ẹnì kan fún ẹnì kejì kí àdéhùn lè dúró, owó ni lọ́pọ̀ ìgbà. "Provided that" kò pèsè nǹkan kan, "bí a bá" tàbí "kìkì tí" ló jẹ́, ohun tó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lè gba gbogbo ohun tí wọ́n ti fún yín ṣáájú padà.

Méjì kan wà tí mo fi ń dá ara mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa pé kí n bi ara mi pé ta lọ̀gá. "Subject to clause 7": clause 7 lọ̀gá, òun ló máa borí tí ìjà bá dé. "Notwithstanding clause 7": clause 7 kò lè dí èyí lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ ni n kò ti dà wọ́n rú mọ́.

Ìwé ilé ìwòsàn náà ní tirẹ̀. "Positive" lórí èsì àyẹ̀wò kò túmọ̀ sí pé nǹkan dára, ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí. "Unremarkable" lórí èsì X-ray jẹ́ ìròyìn ayọ̀, wọn kò rí ohun tó burú. "Chronic", tí a máa ń lò fún ohun tó le gan-an, jẹ́ àìsàn tó ti pẹ́ lára tàbí tí yóò pẹ́, ì báà jẹ́ èyí tí kò le. "Stool" kì í ṣe àpótí ìjókòó o. Ìgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ yẹ̀ wò.

Bí ẹ ṣe máa wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ má wá "determine" nìkan. Ẹ kọ "determine meaning in tenancy agreement". Fún ti dókítà, ẹ fi "medical" tàbí "test result" kún un. Nínú dikṣọ́nárì, ẹ má dúró lórí ìtumọ̀ kìíní, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀.

Google Translate ńkọ́?

Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún un, pẹ̀lú Haúsá àti Ígbò. Ó ti gbọ́n ju bó ṣe wà nígbà yẹn lọ, ṣùgbọ́n mo ń lò ó bí ẹlẹ́rìí ni, n kò fi ṣe adájọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ rọ Gẹ̀ẹ́sì náà, lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi gbólóhùn kúkurú kọ̀ọ̀kan sí i. Gbólóhùn gígùn ti àwọn lọ́yà á lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ tún lè dán an wò sẹ́yìn: ẹ mú Yorùbá tó gbé jáde, ẹ ní kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Tí ìtumọ̀ bá ti yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀, ibì kan ti wọ́ nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń kọ Yorùbá sí i, ẹ fi àmì ohùn sí i, torí òun náà kò mọ èwo ni ọkọ tí ẹ ń sọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí ọ̀rọ̀ má fò lọ

Ọ̀rọ̀ tí ẹ wò lónìí lè ti lọ kó tó di Ọjọ́rú. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò èyí, ó há àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń jò kúrò. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Ìgbàgbé máa ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá máa falẹ̀. Tí a bá sì tún ohun náà rántí kó tó lọ tán, á pẹ́ sí i kó tó tún lọ.

Ohun tí Anki ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó dáhùn lọ́kàn, ẹ ó ṣí ẹ̀yìn káàdì wò, ẹ ó sì sọ fún un bóyá ẹ rántí. Èyí tí ẹ gbàgbé á padà láìpẹ́, èyí tí ẹ mọ̀ á di ọjọ́ mélòó kan, á di ọ̀sẹ̀, á di oṣù. Lórí Android, AnkiDroid ni kí ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó kàn jọ ọ́ lórúkọ. Ti iPhone ń gba owó, àmọ́ ẹ lè lo AnkiWeb lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Safari. Ti Android kì í jẹ dátà tí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán.

Bí ẹ ṣe kọ káàdì ṣe pàtàkì ju áàpù lọ. Ẹ má kọ "severally" síwájú kí ẹ wá kọ "lọ́tọ̀ọ̀tọ̀" sẹ́yìn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún oṣù mélòó kan. Mo mọ gbogbo káàdì náà, àmọ́ mo pàdé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, ó sì wò mí bí àlejò. Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ ti rí i sí iwájú káàdì, odidi: "The three guarantors are jointly and severally liable." Ẹ fàlà sábẹ́ "severally". Sí ẹ̀yìn, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ nílé: "Wọ́n lè gba gbogbo gbèsè lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn." Ìtumọ̀ kan, káàdì kan. Tí "save" bá ní ìtumọ̀ méjì tí ẹ ń lò, káàdì méjì ni.

Anki máa ń fún èèyàn ní káàdì tuntun 20 lójúmọ́ tí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ fà á wálẹ̀ sí márùn-ún. Márùn-ún lójúmọ́ jẹ́ 150 lóṣù, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 sì sábà máa ń sá nígbà tí àtúnyẹ̀wò bá ga bí òkè. Inú mọ́tò, lórí ìlà báńkì, nígbà tí omi ẹ̀bà bá wà lórí iná, ìyẹn tó.

Ẹni tí kò fẹ́ áàpù lè lo páálí. Sebastian Leitner ṣàlàyé irú ọ̀nà yìí nínú ìwé kan lédè Jámánì ní 1972. Èyí tó rọrùn nínú rẹ̀ nìyí: ẹ kọ ọ̀rọ̀ sára káàdì, ẹ wá àpótí mẹ́ta. Èyí tó wà nínú àpótí kìíní, ẹ máa wò ó lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bá mọ̀ bọ́ sí èkejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tí ẹ bá gbàgbé á padà sí àpótí kìíní, ibi yòówù tó lè ti dé.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí ẹ kó sínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹ̀ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ àkójọ tí ẹlòmíì ti ṣà, Oxford 3000 wà lórí ojú òpó Oxford Learner's, wọ́n ti pín in sí A1 títí dé B2. Ẹni tó ń lọ sí yunifásítì nílò "Academic Word List" tí Averil Coxhead tẹ̀ jáde ní 2000: ìdílé ọ̀rọ̀ 570 tó ń jáde léraléra nínú ìwé ẹ̀kọ́ gíga, yálà ti òfin ni tàbí ti sáyẹ́ǹsì. Mo pè é ní ìdílé torí pé "analyse", "analysis" àti "analytical" ni wọ́n kà sí ẹyọ kan. Ó yẹ kí àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB fojú sí èyí, nítorí Use of English ló ni 60 nínú ìbéèrè 180, nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù ń gba 40 kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó jọra àti ọ̀rọ̀ tó takora. Fún irú ìyẹn, Freerice dùn ún ṣe: ó ń bi yín ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń le sí i bí ẹ ṣe ń gbà á, ìdáhùn tó bá tọ̀nà sì ń di ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ nípasẹ̀ WFP, àjọ oúnjẹ àgbáyé. Ó ti wà láti 2007.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí kí ẹ tó kó o sí káàdì. Àmì gbohùngbohùn tó wà nínú dikṣọ́nárì tó fún ẹyọ ọ̀rọ̀. YouGlish máa ń wá ibi tí àwọn èèyàn ti sọ ọ́ nínú fídíò YouTube, àmọ́ ó ń jẹ dátà, ẹ dúró de Wi-Fi. Ohun tí ẹ ń wá ni lẹ́tà tí a kì í pè, bíi "b" inú "debt" àti "p" inú "receipt", àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀.

Kíkà ojoojúmọ́

Wikipedia kan wà tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì rírọ̀, láti 2001: simple.wikipedia.org. Ẹ ka kókó kan níbẹ̀, ibà fún àpẹẹrẹ, kí ẹ wá ka kókó kan náà nínú Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ẹ ti mọ ìtàn náà, nítorí náà ọ̀rọ̀ líle á máa fi ara rẹ̀ hàn fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kókó ló ní ti rírọ̀, àwọn kan sì kúrú jù.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, Yorùbá ló ti bẹ̀rẹ̀. BBC News Yorùbá ti wà láti oṣù Kejì ọdún 2018. Ẹ ka ìròyìn kan níbẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ wá ìròyìn kan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án. Èdè tí ẹ gbọ́ tán ló máa gbé ìtumọ̀ ru èyí tí ẹ kò tíì gbọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ pa fóònù tì. Ẹ pe ẹnì kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá yín tàbí ẹni tó ń ta ata níwájú ilé, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún un ní Yorùbá, láti òkè délẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti ń ké Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ ń sọ pé "ó kàn ń sọ pé, ṣẹ́ẹ̀ rí i…", ibẹ̀ ni kò tíì yé yín. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin lórí ibẹ̀ nìkan. Ẹ tún wo gbólóhùn tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kejì, kí ẹ wo ohun tó yí padà. Bí owó tàbí ilé bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ àwọn ìbéèrè tó kù sílẹ̀, ẹ gbé wọn lọ bá lọ́yà. Ẹni tó bá gbé ìbéèrè mẹ́ta dání kì í pẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà bí ẹni tó gbé odidi ìwé lọ tó ní "ẹ bá mi wò ó".

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Tí àwọn méjì yòókù bá sá ńkọ́?" Ó padà lọ bá àwọn olówó pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé iye báyìí ni òun dúró fún, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ̀, òun náà kò fọwọ́ sí i. Ó ti ní káàdì "severally" nínú AnkiDroid rẹ̀ báyìí, ó sì ń gbà á lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ lánàá tó pè mí tí n kò gbé e, ohun tó kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ni pé òun ti pè mí "severally".